Ẹni tí a Jí gbé Lójú Ọjà: Ọ̀fọ̀ àti Gbígba Ẹni Lọ́wọ́ Ikú nínú Ìtàn-àròsọ Skin of the Sea

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé lórí ọ̀nà tí ìtàn-àròsọ àràmàǹdà tí a kọ fún àwọn ọ̀dọ́ ní òde òní gbà lo ìgbàgbọ́ Yorùbá nípa ikú láti sọ̀rọ̀ nípa ọ̀fọ̀. Ìwé tí a gùn lé ni Skin of the Sea tí Natasha Bowen kọ, tí ó jáde ní ọdún 2021. A fi í wé The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutuola kọ (1952) àti Children of Blood and Bone tí Tomi Adeyemi kọ (2018). Etíkun Àgbádárìgì ni a dúró sí láti ka ìwé náà, nítorí pé ibẹ̀ wà lára àwọn èbúté tí wọ́n ti kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú gba orí òkun lọ. Ohun tí a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìwé náà ju ìtàn ìdárayá lásán lọ. Iṣẹ́ ìsìnkú ni ó ń ṣe fún àwọn òkú tí ẹnikẹ́ni kò sin. A sì tún tọ́ka sí ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó, pàápàá jù lọ nínú ojú tí ó fi wo Èṣù.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ẹni tí ó bá ti ná ọjà Agbalata ní Àgbádárìgì rí kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí òwe yìí. Àwọn Ògù, àwọn Àwórì, àwọn Ìjẹ̀bú, àti àwọn oníṣòwò tí ó sọdá ẹnubodè láti ilẹ̀ Benin a máa pàdé níbẹ̀. Wọn a nájà, wọn a dúnàá-dúrà, wọn a tahùn síra wọn, wọn a sì tún parí rẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, oníkálukú a palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, a sì kọrí sílé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn baba wa wo ìgbésí ayé ọmọ ènìyàn: a wá nájà ni, a ó sì padà sílé.

Ní ọjọ́ kan tí a ń fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀, ọ̀kan nínú wọn, tí ìyá rẹ̀ ń tajà ní Agbalata, dìde lórí ìjókòó rẹ̀, ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́, Olùkọ́, ẹni tí ó wá sọ́jà tí wọ́n sì jí gbé lójú ọjà ńkọ́? Ṣé òun náà délé?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí pé a mọ ibi tí ìbéèrè náà ti wá. Kò sí ọmọ Àgbádárìgì tí kò mọ Gberefu, erékùṣù tí ó wà ní òdìkejì ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti ń da àwọn ẹrú gba ojú ọ̀nà oníyanrìn lọ sí etí òkun. A kò rí èsì gbòógì kan fún ọmọ náà lọ́jọ́ náà. Àròkọ yìí jẹ́ ìgbìyànjú láti dá a lóhùn, ìwé kan tí àwọn ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kà ní ilẹ̀ òkèèrè ni a ó sì fi ṣe atọ́nà.

Ìwé náà àti Ẹni tí ó Kọ Ọ́

Natasha Bowen jẹ́ ọmọ tí ó ní ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà àti ti Wales lára. Ìlú Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ sì ni ó mọ̀ kí ó tó di òǹkọ̀wé tí òkìkí rẹ̀ kàn. Skin of the Sea, tí a lè pè ní Awọ Òkun, ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Èkejì tí ó tẹ̀ lé e, Soul of the Deep, jáde ní ọdún 2022. Ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni a gbé ìtàn náà kà, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Olú ẹ̀dá-ìtàn ni ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Simi. Simi ti jẹ́ ènìyàn rí, ṣùgbọ́n Yemọja ti sọ ọ́ di Mami Wata, ẹ̀dá tí ó ní ìrù ẹja. Iṣẹ́ tí a gbé lé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n máa tẹ̀ lé àwọn ọkọ̀ tí ń kó ẹrú, kí wọ́n máa kó ẹ̀mí àwọn tí ó bá kú sínú òkun jọ, kí wọ́n sì ṣe àdúrà lé wọn lórí kí wọ́n lè padà sọ́dọ̀ Olódùmarè. Òkú nìkan ni ìjọba wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọn kò láṣẹ láti fọwọ́ kan alààyè. Ní ọjọ́ kan, wọ́n ju ọmọkùnrin kan tí ẹ̀mí ṣì wà lára rẹ̀ láti inú ọkọ̀ sínú omi. Kọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Simi kò dúró de ikú rẹ̀; ó gbà á là. Gbígbà tí ó gbà á yìí ni ó rú òfin ìgbà láéláé, tí ó sì fi Yemọja àti gbogbo Mami Wata yòókù sínú ewu. Ìrìn-àjò láti lọ bẹ ẹ̀bẹ̀ níwájú Olódùmarè ni ó gba ìyókù ìwé náà.

Àwọn tí wọ́n ti ka ìtàn ọmọbìnrin inú omi tí Hans Christian Andersen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, tẹ̀ jáde ní ọdún 1837 yóò rí i pé ìtàn méjèèjì bára tan: ọmọbìnrin ẹlẹ́ja kan yọ ọ̀dọ́mọkùnrin nínú omi, ó sì ti ibẹ̀ kó sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kò kéré. Ìjì ni ó da ọkọ̀ ọmọ ọba inú ìtàn Andersen nù. Ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni ó ju Kọ́lá sómi. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ àjálù, ti èkejì jẹ́ ìpànìyàn.

Bí a bá sì tú orúkọ olú ẹ̀dá-ìtàn yìí palẹ̀, a ó rí i pé òǹkọ̀wé kò ṣèèṣì. Sìmídélé ni orúkọ náà ní kíkún, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "sìn mí délé". Ẹni tí a sọ pé kí wọ́n sin òun délé ni ó wá di ẹni tí ń sin àwọn mìíràn délé. Bí ayé bá jẹ́ ọjà, tí ọ̀run sì jẹ́ ilé, a jẹ́ pé orúkọ nìkan ti to láti sọ gbogbo iṣẹ́ tí ọmọbìnrin náà wà fún. Etí Yorùbá sì gbọ́ ohun mìíràn nínú rẹ̀, nítorí pé ohùn nìkan ni ó ya "sìn", tí í ṣe kí a bá ènìyàn rìn sọ́nà, sọ́tọ̀ sí "sin", tí í ṣe kí a tẹ́ òkú sínú ilẹ̀. Nínú iṣẹ́ Simi, méjèèjì di ọ̀kan.

Ikú, Òkú àti Ọ̀fọ̀ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Kí a tó lè mọ ohun tí ìwé yìí ń ṣe, ó yẹ kí a rán ara wa létí bí Yorùbá ṣe ń bá ikú lò. Àwáyé-àìkú kò sí. Gbogbo wa ni a mọ èyí. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ikú ni ó rí bákan náà lójú wa. Nígbà tí àgbà bá kú, tí ó fi ọmọ sílẹ̀, ìnáwó ni, ìyẹ̀yẹ sì ni. Òkú ọ̀dọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í jẹun a kì í jó sí i. Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Nítorí náà, ẹni tí ó sin ọmọ rẹ̀ ti rí ohun tí ojú kò gbọdọ̀ rí.

Ìsìnkú kì í ṣe ọ̀rọ̀ bíbo òkú mọ́lẹ̀ nìkan. Ètò tí ń ṣí òkú nípò láàárín àwọn alààyè, tí ó sì ń fi í jókòó láàárín àwọn ará ọ̀run ni. Àpẹẹrẹ rẹ̀ hàn kedere láàárín àwọn ọdẹ. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a ṣe ìṣípà fún un, wọn a sì sun ìrèmọ̀jé, kí ó má baà máa bá wọn dẹ̀gbẹ́ nínú igbó mọ́. Bádé Ajúwọ̀n ti ṣe àlàyé ìrèmọ̀jé àwọn ọdẹ yìí nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1982. Ẹni tí odò bá gbé lọ ní ètò tirẹ̀ pẹ̀lú: ní ọ̀pọ̀ ìlú, ẹ̀bá omi ni wọ́n ti ń sin ín, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe ètùtù tí ó yẹ. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí a rí òkú náà.

Ẹni tí a kò bá sìn dáadáa, tàbí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, a lè di àkúdàáyà. Wọ́n á ní ó ti kú ní ìlú kan, ṣùgbọ́n ó ń gbé ní ìlú mìíràn, ó ń ṣòwò, ó ń bímọ, títí di ọjọ́ tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ yóò fi ojú kàn án. Ní ọjọ́ náà ni yóò pòórá. A lè sọ pé àkúdàáyà ni ìtàn gbígbógun ti ikú tí ó ti wà nílẹ̀ láàárín wa kí ìwé tó dé. Kò sì yà wá lẹ́nu pé ojú ọjà ni àwọn asọ̀tàn sábà máa ń sọ pé wọ́n ti ń rí wọn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti ń pàdé.

Ṣùgbọ́n ìpò kan wà tí ó burú ju ikú lọ lójú Yorùbá. Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú yóò sunkún, yóò sin ín, wọn yóò ṣìpẹ̀ fún un, ọ̀fọ̀ náà yóò sì ní òpin. Èyí tí ọmọ rẹ̀ nù kò lè sunkún parí. Bí ajá bá gbó lóru, yóò ṣílẹ̀kùn. Kò mọ̀ bóyá àdúrà ìsinmi ni kí òun gbà tàbí àdúrà ìpadàbọ̀. Òwe yìí ni kọ́kọ́rọ́ tí a ó fi ṣí ìwé Bowen, nítorí pé òwò ẹrú, ní pàtàkì rẹ̀, jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ nù.

Òkú Inú Òkun

Àwọn onímọ̀ ìtàn tí wọ́n ti kó àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò àwọn ọkọ̀ ẹrú jọ ṣírò pé nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 12.5 ni wọ́n kó sọ́kọ̀ láti Áfíríkà kọjá òkun Àtìláńtíìkì, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún títí di ìgbà tí òwò náà fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1866. Àwọn tí ó gúnlẹ̀ láàyè tó mílíọ̀nù 10.7. Bí a bá yọ èyí kúrò nínú tòkè, nǹkan bí mílíọ̀nù 1.8 ni ó kú sójú omi. Wọn kò gbẹ́ ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Wọn kò ṣe ètùtù, wọn kò sun arò. Wọ́n gbé wọn sọ sómi ni.

Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ tíì kú kí wọ́n tó gbé wọn sọ nù. Ní ìparí ọdún 1781, àwọn atukọ̀ ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Zong, tí àwọn oníṣòwò ìlú Liverpool ni, ju ènìyàn tí ó lé ní 130 sínú òkun láàyè. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1783, kì í ṣe ẹjọ́ ìpànìyàn ni wọ́n pè é. Ẹjọ́ owó adójútòfò lórí ẹrù tí ó ṣòfò ni. Olaudah Equiano, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí ó ti jẹ́ ẹrú rí, ni ó mú ìròyìn náà lọ sọ́dọ̀ Granville Sharp, ọ̀kan lára àwọn tí ń gbógun ti òwò ẹrú. Nítorí náà, nígbà tí òǹkàwé bá rí i tí wọ́n ju Kọ́lá sínú omi, kí ó má ṣe rò pé iṣẹ́ ọgbọ́n-orí òǹkọ̀wé nìkan ni. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Ibí yìí ni a ti rí ohun tí ìtàn àràmàǹdà lè ṣe tí ìwé ìtàn kò lè ṣe. Ìwé ìtàn lè ka òkú. Kò lè sin òkú. Iye ni mílíọ̀nù 1.8 jẹ́, a kì í sì í ṣọ̀fọ̀ iye. Nígbà tí Bowen fi ọmọbìnrin kan sínú òkun, tí ó ń wẹ̀ tẹ̀ lé ọkọ̀, tí ó ń gba ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan mọ́ra, tí ó ń wúre fún un, tí ó sì ń gbọ́ ohun tí ẹni náà fẹ́ràn nígbà ayé rẹ̀, ìsìnkú ni ó ń ṣe. Ìsìnkú náà pẹ́ kí ó tó wáyé, ó sì jẹ́ àròsọ, ṣùgbọ́n ó wà ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí ìṣípà ń ṣe fún ọdẹ: ó ṣí òkú nípò, ó sì fi í délé.

Kànga Ìgbàgbé

Lójú ọ̀nà tí ó lọ sí etí òkun ní Gberefu, kànga kan wà tí àwọn afinimọ̀nà ń fi han àlejò. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú sọ pé wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi inú rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Yálà omi náà lágbára bẹ́ẹ̀ tàbí kò ní, ìtumọ̀ ìtàn náà kò fara sin: ẹni tí a bá fẹ́ sọ di ọjà, ohun àkọ́kọ́ tí a ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìrántí.

Ó gba àfiyèsí pé Simi náà jẹ́ ẹni tí ó gbàgbé. Nígbà tí ó bá wà nínú omi pẹ̀lú ìrù ẹja rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ rántí ìgbésí ayé tí ó ti gbé rí. Nígbà tí ó bá jáde sórí ilẹ̀, tí ìrù náà di ẹsẹ̀, ni ìrántí ilé, ti ìyá àti ti bàbá, ń padà díẹ̀díẹ̀. Ìrántí yìí sì ń mú ìrora wá. Òǹkọ̀wé fi yé wa pé ẹni tí kò rántí kò lè ṣọ̀fọ̀, ẹni tí kò bá sì lè ṣọ̀fọ̀ kò tíì dá ara rẹ̀ mọ̀. Ọ̀fọ̀ nínú ìwé yìí kì í ṣe àìsàn tí ó yẹ kí a wò sàn kíákíá, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò lónìí. Ọ̀nà tí ènìyàn fi ń padà di ọmọ ẹni kan ni. Kànga Gberefu sọ pé: mu, kí o gbàgbé. Ìwé yìí sọ pé: jáde nínú omi, kí o rántí.

Bíbá Ikú Wọ̀jà àti Ohun tí ó ń Náni

Simi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ nínú lítíréṣọ̀ wa tí yóò gbéná wojú ikú. Nínú The Palm-Wine Drinkard tí ilé-iṣẹ́ Faber and Faber tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952, adẹ́mu ọ̀mùtí kan já láti orí ọ̀pẹ, ó sì kú. Ọ̀mùtí náà kò gbà. Ó gbéra láti lọ wá a kàn ní ìlú àwọn òkú. Lójú ọ̀nà, ó lọ sí ilé Ikú, ó sì fi àwọ̀n gbé Ikú fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ó dé ìlú àwọn òkú, adẹ́mu rẹ̀ sọ fún un pé òkú kò lè bá alààyè gbé mọ́. Ẹyin àràmàǹdà kan ni ó fún un, ó sì ní kí ó máa lọ. Ẹ kíyè sí i: ọkùnrin tí ó lè gbé Ikú sínú àwọ̀n kò lè mú òkú ẹyọ kan padà wálé.

Tomi Adeyemi, tí a bí sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1993 fún àwọn òbí ọmọ Nàìjíríà, gba ọ̀nà mìíràn nínú Children of Blood and Bone. Zélie, olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, jẹ́ ọmọ ọdún 17 tí ọba pa ìyá rẹ̀ lójú rẹ̀ nígbà tí ó wà ní kékeré, nítorí pé ìyá náà ní agbára idán. Ìdílé Ikú ni Zélie ti wá, Ọya sì ni òrìṣà wọn, nítorí náà ó ní agbára láti pe ẹ̀mí àwọn òkú. Òǹkọ̀wé náà jẹ́ kí ó di mímọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí òǹkàwé pé pípa tí àwọn ọlọ́pàá ń pa àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà wà lára ohun tí ó sún òun kọ ọ́. Zélie jà, ó sì gba idán padà, ṣùgbọ́n kí ìwé tó parí, bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ti bá ogun náà lọ.

Simi ní tirẹ̀ kò lọ wá òkú, kò sì gbẹ̀san. Ó já alààyè gbà kí ikú tó mú un ni. Èyí ni ó mú kí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀, nítorí pé kò sí òǹkàwé tí yóò sọ pé kí ó jẹ́ kí ọmọ náà rì. Òfin wà ní apá kan, àánú wà ní apá kejì, òǹkàwé ọ̀dọ́ ni a sì ní kí ó ṣe ìdájọ́. Síbẹ̀, òǹkọ̀wé kò fi ikú ṣe yẹ̀yẹ́. Láti lè dáàbò bo àwọn tí ó fẹ́ràn, Simi fi òmìnira rẹ̀, àwọn ará rẹ̀, àti ọmọkùnrin tí ó fẹ́ràn ṣe pàṣípààrọ̀. Nígbà tí Soul of the Deep bẹ̀rẹ̀, ìránṣẹ́ Olókun ni ó jẹ́, ó ń ṣọ́ ilẹ̀ àwọn òkú ní ìsàlẹ̀ òkun.

Bí a bá gbé ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwọ̀n kan náà, ó hàn pé ìlànà kan ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Kò sí èyí tí a ti ṣẹ́gun ikú pátápátá; kò sì sí èyí tí ẹni tí ó bá ikú wọ̀jà ti padà lọ́wọ́ òfo. Ìpààrọ̀ ni ó wáyé nínú gbogbo wọn. Èrò yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá mọ ìtumọ̀ ẹbọ ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí a ti ń fi ohun kan gba ohun mìíràn. Ohun tí àwọn ẹ̀dá-ìtàn wọ̀nyí sì rí gbà padà ni okùn tí ó so alààyè mọ́ òkú, èyí tí ikú òjijì ti já.

Yemọja Odò, Yemọja Òkun

Àwọn kan lè sọ pé òǹkọ̀wé yìí ṣi òrìṣà mú, nítorí pé ní ilé, odò Ògùn ni Yemọja ni, Abẹ́òkúta sì ni ojúbọ rẹ̀ ti gbajúmọ̀. Olókun ni ó ni òkun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí a tó dá a lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Yemọja lẹ́yìn odi. Ní Brazil, òkun ni a ti ń bọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdọọdún, ọ̀pọ̀ èrò a máa gbé òdòdó àti ẹ̀bùn lọ fún un ní etí òkun Rio Vermelho ní ìlú Salvador. Ní Cuba náà, Yemayá ni ìyá òkun. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n mú Yemọja láti inú odò sọdá òkun. Ní èrò tiwa, ó yé wọn pé ìyá tí ó bá fẹ́ràn ọmọ kò ní dúró sínú odò nígbà tí wọ́n bá ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ lójú òkun. Yemọja tí Bowen lò ni Yemọja tí ó sin àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Etíkun tiwa gan-an kò ṣàìmọ òrìṣà omi: Vlekete, tí wọ́n fi sọ orúkọ ọjà ẹrú àtijọ́ ní Àgbádárìgì, jẹ́ òrìṣà òkun àti afẹ́fẹ́ láàárín àwọn Ògù.

Ibi tí a kò ti lè gbè sẹ́yìn òǹkọ̀wé ni ọ̀rọ̀ Èṣù. Èṣù ni ó fi ṣe olórí ọ̀tá nínú ìwé náà, ẹni tí ń wá agbára fún ara rẹ̀, tí ó sì ń dínà Simi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń bá àṣìṣe yìí yí. Láti ìgbà tí a ti lo orúkọ Èṣù fún Sátánì nínú ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni òjíṣẹ́ Olódùmarè, olùgbé ẹbọ, alákòóso oríta, ti di ẹni ibi lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lóòótọ́, Bowen kò sọ pé Sátánì ni. Ó fún un ní ọgbọ́n àti àrékérekè. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí ó dá lé lórí bí iṣẹ́ ayé yóò ṣe dé ọ̀run, Èṣù gan-an ni ó yẹ kí ó ṣí ọ̀nà. Ọmọ tí ó bá ti ibi ìwé yìí kọ́kọ́ mọ Èṣù nílò olùkọ́ tí yóò tún un sọ fún un.

Ohun tí ó Kàn Wá nínú Iṣẹ́ Ìkọ́ni

Ìbéèrè tí àwọn akẹgbẹ́ wa sábà máa ń bi wá ni pé kí ni ó kan ẹ̀ka Yorùbá nínú ìwé tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí òǹkọ̀wé rẹ̀ sì ń gbé ní Cambridge. Èsì wa ni pé ẹrù ẹni kì í ṣe ẹrù àjèjì nítorí pé àjèjì rù ú. D. O. Fagunwa ti fi Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ là wá lójú ní ọdún 1938, ní èdè wa, pé ìtàn àràmàǹdà lè ru ẹ̀kọ́ tí ó wúwo. Bí àwọn ọmọ wa ní òkèèrè bá ń fi èdè mìíràn pe Olókun, ojúṣe wa ni kí a dáhùn láti ilé.

Ìmọ̀ràn méjì ni a ní. Èkíní, kí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ lo irú ìwé yìí kà á pọ̀ mọ́ ìrèmọ̀jé, ìtàn àkúdàáyà, àti ìtàn Gberefu, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí orísun àti ìṣàn papọ̀. Èkejì, kí a rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn apẹja àti àwọn àgbà etíkun, kí wọ́n gba ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀ nípa bí a ṣe ń ṣe ìdárò ẹni tí omi gbé lọ tí a kò rí. Òkun ṣì ń gbé ènìyàn lọ lónìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú àròkọ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìtàn Simi jẹ́ ìtàn ọ̀fọ̀ tí a kò rí ààyè ṣe nígbà tí ó yẹ. A ti rí i pé bíbá ikú wọ̀jà nínú lítíréṣọ̀ tí ó ti ọ̀dọ̀ wa wá kì í parí sí ìṣẹ́gun, bí kò ṣe sí ìpààrọ̀ àti ìrántí. A sì ti rí i pé òǹkọ̀wé lè fi ọwọ́ kan tún nǹkan ṣe, kí ó fi ọwọ́ kejì bá orúkọ òrìṣà jẹ́. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a máa ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú làákàyè.

Ó ku ìbéèrè ọmọ Agbalata. Ẹni tí wọ́n jí gbé lójú ọjà, ṣé ó délé? A kò lè sọ pé ó dé, nítorí pé a kò sí níbẹ̀. Ohun tí a lè sọ ni pé ilé kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ nù kò lè sin ín, ṣùgbọ́n ó lè máa pe orúkọ rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá ṣì wà ní etíkun yìí tí ń béèrè ibi tí wọ́n gbà lọ, àwọn tí wọ́n gbà á lọ kò tíì rí i gbé tán.